Kátóòdì tútù tó ń tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ámpíà jáde: níbo ni ẹ̀lẹ́kítírọ́nù yẹn ti ń wá?

Akẹ́kọ̀ọ́Òfìfo

Ẹ̀yin àgbà ilé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kì í dédé kúrò lára irin. Ògiri kan wà tó gbọ́dọ̀ fò kọjá, òun ni wọ́n ń pè ní work function; ti tungsten tó nǹkan bíi 4.5 eV (eV 1 ni agbára tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kan ń rí gbà láti inú fóltì 1). Ẹni tó bá fẹ́ kó jáde, kó dáná sí irin náà. Mo fi fọ́múlà Richardson ṣírò rẹ̀: tungsten tí a mú gbóná dé 2500 K kò fún mi ju nǹkan bíi 0.3 A/cm² lọ. Tí irin náà bá tutù, òdo ni.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí Fowler àti Nordheim kọ ní 1928: bí pápá iná bá lágbára gan-an, ògiri náà á tín-ín-rín débi pé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù á gba àárín rẹ̀ yọ láìfò ó. Ṣùgbọ́n pápá yẹn gbọ́dọ̀ tó bíi bílíọ̀nù 3 fóltì lórí mítà kan kó tó so èso tó ṣeé fojú rí.

Wàyí o, ẹ wo irú ẹ̀rọ pulse (iná tó ń já lẹ́ẹ̀kan fún àkókò kúkúrú) tí mò ń kà nípa rẹ̀: 200 kV, àlàfo òfìfo sẹ̀ǹtímítà 1 láàárín kátóòdì (irin ìhà òdì, tó ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́nù jáde) àti ánóòdì (irin ìhà rere, tó ń gbà á), kátóòdì náà sì jẹ́ irin lásán tí ẹnikẹ́ni ò dáná sí. Pápá ibẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 20 fóltì lórí mítà lọ. Kéèyàn sọ ọ́ di ìlọ́po 150 kó tó bá ti ìwé dọ́gba. Síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ámpíà ló ń jáde. Ṣé ìwé ló ń parọ́ ni, àbí ẹ̀rọ?

Bàbá_Trànsfọ́mà

Ta ló sọ fún ọ pé kátóòdì yẹn tutù?

Ìyá_Láàbù

Bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀ 😄 Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ ná.

Àbúrò, ìwé ò parọ́, ẹ̀rọ náà ò parọ́. Pápá tí o ṣírò yẹn ni èyí tí ìbá wà níbẹ̀ ká ní ojú kátóòdì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò tẹ́. Mú irin tí o ti fi ìyẹ̀fun dáyámọ́ńdì dán títí tó fi ń kọ mọ̀nà, gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́nù, kí o wá wò ó: ojú ìlà tí ìyẹ̀fun náà ha sílẹ̀, etí kòtò, hóró irin tó lẹ̀ mọ́ ọn, àti àwọn ṣóńṣó tí gíga wọn ò ju máíkírómítà díẹ̀ lọ. Orí ṣóńṣó ni pápá máa ń kóra jọ sí. Ṣóńṣó tí gíga rẹ̀ bá jẹ́ ìlọ́po 100 ti rédíọ́ọ̀sì orí rẹ̀ lè gbé pápá ibẹ̀ sún mọ́ ìlọ́po 100. Ìlọ́po yẹn ni wọ́n ń fi lẹ́tà β dúró fún. Bí o bá fa ìlà ln(I/V²) sí 1/V (I ni kọ́rẹ́ǹtì, V ni fóltéèjì), tó sì tọ́, inú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlà yẹn lo ti máa rí β kátóòdì tìrẹ.

Nǹkan kejì: fọ́múlà Fowler àti Nordheim ga ju àtẹ̀gùn lọ. Mo fi 4.5 eV ṣírò rẹ̀, mo sì fi ìdínkù tí image force (bí irin ṣe ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó ń jáde padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀) ń mú bá ògiri náà kún un. Ní bílíọ̀nù 3 fóltì lórí mítà, nǹkan bíi 40 A/cm² ni mo rí. Ní bílíọ̀nù 6, nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 A/cm². Pápá di ìlọ́po 2 péré, kọ́rẹ́ǹtì ti di ìlọ́po 100,000 ó lé. Nítorí náà, ṣóńṣó tó mú jù ló ń kó gbogbo iṣẹ́ ṣe, àwọn tó kù ń wòran.

Ṣùgbọ́n má tíì lọ sùn lórí ìdáhùn yìí. Orí ṣóńṣó tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 0.1 máíkírómítà kò fẹ̀ ju nǹkan bíi 6×10⁻¹⁰ cm² lọ. Fi mílíọ̀nù 5 A/cm² sọ ọ́ di púpọ̀: mílíámpíà 3. Bí o bá fẹ́ 10,000 A, wàá nílò ṣóńṣó tó ju mílíọ̀nù 3 lọ, tí gbogbo wọn mú bákan náà, tí wọ́n sì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí kátóòdì irin tó rí bẹ́ẹ̀.

Aṣírò

Ìyá, ẹ má bínú, mi ò tíì gbà. Kí ló dé tí ẹ dúró sí bílíọ̀nù 6? Ẹ gbé pápá sókè sí i, kí kọ́rẹ́ǹtì orí ṣóńṣó dé 10⁹ A/cm². Ṣóńṣó kan náà yẹn á fún yín ní 0.6 A, tí 17,000 irú rẹ̀ bá sì wà, ọ̀rọ̀ ti parí. Fowler àti Nordheim náà ni, a kò nílò ìtàn mìíràn. Ó dà bí ẹni pé àwọn èèyàn kàn fẹ́ràn kí nǹkan máa bú gbàmù.

Plásmà_Ń_Sáré

@Aṣírò, ó dáa, gbé e dé 10⁹. Ẹ̀wo wá ni ti ooru?

Àwọn kan ti dán ohun tó o sọ yìí wò tipẹ́. Dyke àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lo abẹ́rẹ́ tungsten ní nǹkan bí 1953, wọ́n ń fi pulse kúkúrú gbé kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà tẹ̀ lé òfin dáadáa. Bó ti ń lọ sókè, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó ti jáde bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn padà, ìlà náà wá tẹ̀. Nígbà tó sún mọ́ nǹkan bí 10⁸ A/cm², iná ńlá ṣẹ́, ó di àáàkì, orí abẹ́rẹ́ náà sì bàjẹ́. Wọ́n ò rí ibi tí wọ́n ti lè dá a dúró láàárín méjèèjì.

Ìdí rẹ̀ ni pé kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba ọrùn ṣóńṣó kọjá ń sè é. Bó ti ń gbóná, rẹsísítánsì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí ìyẹn ṣe ń pọ̀, ó tún ń gbóná sí i. Ooru tí wọ́n fi orúkọ Nottingham pè náà tún wà níbẹ̀: ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó jáde láti ìsàlẹ̀ ìpele Fermi (ibi tí agbára ẹ̀lẹ́kítírọ́nù inú irin tútù ga dé) ni èyí tó wà ní ìpele náà ń rọ́pò, ìyàtọ̀ agbára wọn á sì di ooru lára irin. Tí irin bá ti gbóná kọjá ààlà kan, Nottingham á yí padà, á máa mú un tutù, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́ nígbà yẹn.

Òfin tí a fi ń díwọ̀n rẹ̀ rọrùn. Ká mú kọ́rẹ́ǹtì orí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, ká sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ká fi àkókò sọ ọ́ di púpọ̀. Bí iye yẹn bá ti dé nǹkan bí 10⁹ A²·s/cm⁴, irin náà á bú. Irin kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, wọn ò sì jìnnà púpọ̀ síra. Wá wo 10⁹ A/cm² tìrẹ: nánósẹ́kọ́ńdì 1 (ìdá kan nínú bílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdì) péré ló máa lò. Ní 10⁸, ó lè fara dà á fún nǹkan bíi nánósẹ́kọ́ńdì 100. Nígbà tí 17,000 ṣóńṣó rẹ bá fi máa ka owó wọn, ọ̀pọ̀ wọn ti di èéfín.

Aṣírò

Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ti di èéfín, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù á tán nìyẹn. Kí ló wá ń mú kọ́rẹ́ǹtì náà pọ̀ sí i?

Plásmà_Ń_Sáré

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ní ìlú Tomsk, ní Rọ́ṣíà, dé ní 1966, Mesyats àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìbúgbàmù yẹn kò pa ìtújáde náà, òun ló bí i. Explosive electron emission ni wọ́n sọ ọ́.

Èéfín kọ́ ni irin tó bú náà ń dà. Plásmà ni (gáàsì tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù àti áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ti sọ ẹ̀lẹ́kítírọ́nù nù, ti pínyà), ó ki púpọ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pàá ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ki tó irin tó ti jáde. Láàárín irin gbígbóná yẹn àti plásmà, ògiri 4.5 eV tí àbúrò wa ń sunkún lé lórí kò dà bí ògiri mọ́. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ń ṣàn bọ́ sínú plásmà, plásmà ló sì ń tú u dà sínú àlàfo. Ojú plásmà ti di kátóòdì. Ó sì ń gbòòrò lọ síwájú ní nǹkan bíi kìlómítà 20 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, yálà o fi bàbà ṣe é tàbí o fi tungsten ṣe é.

Ohun tí Bàbá ń sọ látòkè nìyẹn. Ara kátóòdì tutù lóòótọ́, ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀ ni kò tutù.

Bàbá_Trànsfọ́mà

Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi tú u. Ọwọ́ mi ò yá tó láti tẹ gbogbo ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́Òfìfo

Ẹ kú làálàá, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan ṣì kù. Ṣóńṣó kan bú, ó tán. Pulse náà lè gùn dé nánósẹ́kọ́ńdì 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló ń bú lẹ́yìn tí gbogbo ṣóńṣó ti tán?

Plásmà_Ń_Sáré

Irin náà ń ṣe ṣóńṣó tuntun fúnra rẹ̀ ni.

Wo ibi kan ṣoṣo tó bú. Ìfúnpá plásmà tó wà lókè rẹ̀ pọ̀ gan-an, irin tó yọ́ sì wà lábẹ́. Plásmà ń tẹ omi irin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń yọ gẹ́gẹ́ bí ẹrẹ̀ rírọ̀ ṣe ń yọ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Okùn irin tín-ín-rín ló ń ta jáde létí kòtò náà, orí rẹ̀ mú, plásmà sì sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ìyẹn ni pé pápá tó wà lórí rẹ̀ ga. Ibẹ̀ ni ìbúgbàmù tó kàn ti máa wáyé.

Ibi àkọ́kọ́ ńkọ́? Kòtò náà ń fẹ̀, ooru ń sá wọnú irin lọ, kọ́rẹ́ǹtì fún sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin ń wálẹ̀, ìtújáde á dá. Ìdì ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó jáde láàárín àkókò yẹn ni Mesyats fún lórúkọ ecton. Ìdì kan tó nǹkan bí 10¹¹ ẹ̀lẹ́kítírọ́nù. Ṣírò rẹ̀: nǹkan bíi nánókúlọ́ọ̀mbù 16. Tó bá jẹ́ 10 A ló ń gba ibẹ̀ kọjá, kò tó nánósẹ́kọ́ńdì 2 tó fi tán. Nítorí náà kọ́rẹ́ǹtì tó dà bí odò tó ń ṣàn geere lójú oscilloscope, ìdì-ìdì ló ń wá. Bí o bá tú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn iṣẹ́, kòtò onímáíkírómítà mélòó kan ni wàá bá lójú kátóòdì, wọ́n gun ara wọn lórí.

Ìyá_Láàbù

Kí n fi èyí kún un. Àáàkì inú òfìfo, irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú switch ńlá tí wọ́n fi ń já iná orí wáyà gíga, ọmọ ìyá nǹkan yìí ni. Àwọn ojú iná kéékèèké tó ń sá kiri lórí kátóòdì níbẹ̀, ìdì-ìdì kan náà ni Mesyats ní ó ń gbé wọn ró. Fóltéèjì àáàkì lórí bàbà kò ju nǹkan bí 20 V lọ. Síbẹ̀ áyọ́ọ̀nù bàbà tó ń jáde níbẹ̀ ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 13 láàárín sẹ́kọ́ńdì, ọ̀nà ánóòdì ló sì ń gbà lọ, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí kátóòdì fà á padà. Ìfúnpá plásmà àti ìjì ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ló ń gbá a lọ. Èyí máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Ajá_Ọdẹ_Pápá

Mo ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́. Mo fara mọ́ ìbúgbàmù, ọ̀rọ̀ ṣóńṣó ni mo fẹ́ dá dúró díẹ̀. A ń sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ibi tó ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́nù jáde ni abẹ́rẹ́ irin wà. Àwọn tó fi máíkírósíkóòpù wá ojú ibẹ̀ kiri kì í sábà rí abẹ́rẹ́ tó mú tó β tí ìlà wọn fún wọn. Ohun tí wọ́n máa ń rí ni hóró nǹkan tí kì í ṣe irin, ọ́sáídì, ìdọ̀tí karíbọ́ọ̀nù, tàbí gáàsì tó lẹ̀ mọ́ ojú irin. β tó bá ọ ní 300, má sáré sọ pé ṣóńṣó kan wà tí gíga rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 300 rédíọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé work function ibẹ̀ kò tó 4.5 tí o fi ṣírò.

Ìyá_Láàbù

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ọ̀rẹ́. β jẹ́ nọ́ńbà tí a fi bo àìmọ̀ wa mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn. Fún ẹni tó ń fẹ́ kọ́rẹ́ǹtì ńlá, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án, nítorí ohunkóhun tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, plásmà ló ń parí rẹ̀. Àwọn tó ń sá fún un ló kàn. Ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, ìlànà CLIC (ètò ẹ̀rọ tí yóò máa fi pápá iná lé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù sáré) jẹ́ 100 MV lórí mítà nínú bàbà, ohun tí wọ́n sì ń lé ni kí ìbúgbàmù má ju 3×10⁻⁷ lọ nínú pulse kọ̀ọ̀kan fún mítà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni wọ́n ń ṣe kí ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí má bàa ṣẹlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Òfìfo

Bí plásmà ò bá ní ògiri, kí ló wá ń sọ iye kọ́rẹ́ǹtì? Ṣé ó lè pọ̀ dé ibi tó bá wù ú ni?

Aṣírò

Èyí wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó kún àlàfo ló ń dí ọ̀nà mọ́ ara wọn. Òfin Child (1911) àti Langmuir (1913): mú fóltéèjì sí agbára 1.5, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2.33×10⁻⁶, kí o wá fi àlàfo nígbà méjì pín in, gbogbo rẹ̀ ní V àti cm. 100 kV, sẹ̀ǹtímítà 1: nǹkan bíi 74 A/cm². 200 kV tìrẹ: nǹkan bí 208 A/cm². Kátóòdì tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 48 cm² ti lè fún ọ ní 10,000 A nìyẹn. Work function kò sí nínú fọ́múlà yìí rárá. (Bí fóltéèjì bá ti ń sún mọ́ ìdajì mílíọ̀nù, ẹ rántí relativity ti Einstein, òfin yìí á máa sọ ju bó ṣe yẹ lọ.)

Plásmà_Ń_Sáré

O ṣeun. Fi ìrìn plásmà kún un wàyí, nítorí àlàfo kò dúró sójú kan. Kìlómítà 20 láàárín sẹ́kọ́ńdì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 láàárín máíkírósẹ́kọ́ńdì. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 1 á dí pátápátá láàárín nánósẹ́kọ́ńdì 500. Tó bá di 250, àlàfo ti di ìdajì, kọ́rẹ́ǹtì sì ti di ìlọ́po 4 bí fóltéèjì ò bá yí padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe microwave alágbára ńlá àti X-ray tó ń kọ mọ̀nà lẹ́ẹ̀kan fi fẹ́ràn pulse kúkúrú. Àwọn tó fẹ́ kó gùn ti sá fún irin lásán: wọ́n ń lo aṣọ velvet, tàbí okùn karíbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi CsI (cesium iodide) bò. Plásmà tiwọn ń rọra rìn, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ ní pápá tó kéré.

Akẹ́kọ̀ọ́Òfìfo

Ẹ jẹ́ kí n gbé tèmi kalẹ̀ nígbà náà. Mo gba fáìlì pulse kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ mi: fóltéèjì ń wálẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì ń gòkè, ní nǹkan bíi nánósẹ́kọ́ńdì 200 sókè. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá plásmà ló fà á, àbí orísun iná ló ń rẹ̀?

Plásmà_Ń_Sáré

Má wo fóltéèjì lọ́tọ̀, má wo kọ́rẹ́ǹtì lọ́tọ̀. Ní ojú àkókò kọ̀ọ̀kan nínú pulse náà, mú fóltéèjì sí agbára 1.5, fi kọ́rẹ́ǹtì pín in, kí o wá wá square root rẹ̀. Òfin Child àti Langmuir ní nọ́ńbà yẹn ń bá àlàfo tó kù rìn ní ìwọ̀n kan náà. Yà á sí àkókò. Bí orísun iná nìkan ló ń rẹ̀, ìlà náà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí plásmà ló ń bọ̀, ìlà náà á máa sọ̀ kalẹ̀ tààrà, o sì lè ti ibẹ̀ ka bó ṣe ń sáré tó. Ju nánósẹ́kọ́ńdì mélòó kan àkọ́kọ́ nù, nítorí ibi tó ti bú kò tíì pọ̀ nígbà yẹn, kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ kéré sí ti òfin.

Ìyá_Láàbù

Kí o sì ṣọ́ ánóòdì. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó ń ṣá a lè mú kí plásmà tirẹ̀ náà dìde, áyọ́ọ̀nù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn padà sí kátóòdì, kọ́rẹ́ǹtì á fò dé nǹkan bí ìlọ́po 1.86 láìjẹ́ pé àlàfo dín kù. Lórí ìlà tìrẹ, yóò dà bí ẹni pé plásmà kátóòdì ta kìjí lójijì. Bí o bá rí irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ ní àárín ìlà, ya apá tó wà ṣáájú rẹ̀ sọ́tọ̀, èyí nìkan ni kí o fi ka ìyára. Fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ síbí tí o bá ti yà á.